Ìwé Ni Ká Wò, Kì Í Ṣe Ẹnu

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ olùdarí sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

  

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lórí aṣòfin tó bá dìde tó ń bá ìwà àjẹbánu wí nílé iṣẹ́ ìjọba. Ká tó dé Abuja, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró sí Iyana-Iba. Ká ní ìyá onígaàrí kan ń pariwo lọ́jà pé ẹni tó jókòó ti òun ti tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú. Èrò sá jọ. Nígbà tí wọ́n yẹ kóńgò ẹni tó ń pariwo wò, wọ́n rí i pé òun náà ti tẹ tirẹ̀. Ìbéèrè wa nìyí: ṣé irọ́ ló pa mọ́ ẹnì kejì? Ẹ fi ìdáhùn yín sọ́wọ́ ná, a ń padà bọ̀.

Ní June 2007, inú àwa obìnrin dùn. Ìyáàfin Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ irun rí bíi ti àwọn kan nínú wa, di Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn. Kò pẹ́ rárá tí ariwo fi ta pé wọ́n gbé iṣẹ́ jáde ní mílíọ̀nù 628 naira láti tún ilé Abẹnugan àti ti igbákejì rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì ra mọ́tò 12. Àwọn aṣòfin kan kóra jọ, wọ́n ní àwọn ò gbà. Integrity Group ni wọ́n pe ara wọn, ìyẹn ni pé àwọn ni olóòótọ́. Farouk Lawan láti Kano ni aṣáájú wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa bínú nígbà náà. A ní torí pé obìnrin ni, a tún ní torí pé ọmọ Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà yẹ ìwé wò, wọ́n ní wọn ò tẹ̀lé ìlànà kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ọ̀hún jáde. Ìjà náà le débi pé Dókítà Aminu Safana, aṣòfin tó wà lẹ́yìn Ìyáàfin Etteh, ṣubú lulẹ̀ nínú ilé náà lọ́jọ́ 17 October 2007, ó sì kú. Lọ́jọ́ 30 oṣù yẹn, Ìyáàfin Etteh fipò sílẹ̀. Ká sòótọ́, kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi lórí mílíọ̀nù 628 náà. Ìlànà tí wọn ò tẹ̀lé ló gbé e lulẹ̀. Orúkọ Farouk Lawan sì ròkè.

Ẹ jẹ́ ká wá rántí January 2012. Lọ́jọ́ kìíní ọdún, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà kan tí à ń rà ní naira 65 di 141 lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ dánfó láti Iyana-Iba lọ sí Mile 2, kó tó wọ òmíràn lọ ra ata ní Mile 12, mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Wọ́n ṣe ìwọ́de l'Ọ́jọ́ta, òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ọjà dá. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù yẹn ni ìjọba tó dín in kù sí naira 97.

Àárín rògbòdìyàn yìí ni Ilé Aṣojú-ṣòfin jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 January. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde pé kó lọ wádìí ibi tí owó ìrànwọ́ epo ń gbà lọ. Ta ni wọ́n fi ṣe alága? Farouk Lawan náà ni. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ní April 2012, ìgbìmọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n ní àwọn elépo àti ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ dá owó tó lé ní tírílíọ̀nù kan naira padà. A pàtẹ́wọ́. A ní a ti rí ọkùnrin.

Kò tó oṣù mẹ́ta, ariwo mìíràn ta. Wọ́n ní alága náà gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ epo kan kó lè yọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó jẹ̀bi. Ẹjọ́ náà fà títí. Ní June 2021, ilé ẹjọ́ gíga kan l'Abuja jù ú sẹ́wọ̀n ọdún méje. Ní 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in sí ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gba owó náà lóòótọ́. Ní January 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí i. October ọdún yẹn ló tó jáde. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, àṣìṣe méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń kọ́ wa. Èkíní, a gba ẹnu gbọ́. Torí pé ọkùnrin náà pariwo ní 2007, a rò pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ títí ayé. Èkejì ló tún burú jù. Nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú, àwọn kan ní ká da gbogbo ìwádìí epo náà nù, pé olè ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀, tí Aigboje Aig-Imoukhuede jẹ́ alága rẹ̀. Wọ́n yẹ ìwé àwọn elépo wò, wọ́n sì rí owó bílíọ̀nù 382 naira tí wọ́n san tó ní kọ́núkọ́họ nínú. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnu Lawan.

Ìdáhùn kóńgò wa nìyẹn. Ẹni tó tẹ kóńgò tirẹ̀ lè sòótọ́ lórí kóńgò ẹlòmíràn. Ẹ má wo ẹnu rẹ̀. Ẹ gbé kóńgò méjèèjì wá, kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ní báyìí, a ó sọ tiwa, kò sì rọrùn fún wa láti sọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá ẹlẹ́ja kan nínú wa dìde nípàdé oṣù, ó ní iye tó wà nínú ìwé akápò kò bá ti báǹkì mu. Kí la ṣe? A pariwo lé e lórí. A ní, "Ìwọ tó ò tíì san lóònù tán, kí ló fún ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀?" Ó jókòó. Láti ọjọ́ yẹn ló ti dín wíwá rẹ̀ kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí ọ́dítọ̀ dé, a rí i pé wọ́n ti yá mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lówó láìsí onídùúró, láìkọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan nínú àwa tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀ nígbà náà, a sì dákẹ́.

Wọ́n ti dá owó náà padà tán. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ìyá kan wá bẹ̀bẹ̀ lóònù láti fi san owó WAEC ọmọ rẹ̀, a ní kò sówó nílẹ̀. Ọdún náà kọjá lórí ọmọ yẹn. Owó ṣeé dá padà, ọdún ò ṣeé dá padà.

Màmá ẹlẹ́ja, ẹ wà níkàlẹ̀ lónìí, a sì mọ̀ pé ẹ ti san lóònù yín dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Gbèsè tẹ́ ẹ jẹ nígbà náà kò sọ ọ̀rọ̀ yín di irọ́. Lójú ọkọ àti ọmọ wa, a tọrọ àforíjì. Ẹ dárí jì wá.

Nítorí náà, kí a tó jẹun lónìí, a ó dìbò lórí ohun méjì. Ìkíní ni pé kí ọ́dítọ̀ láti ìta máa yẹ ìwé wa wò lọ́dọọdún. Àwọn kan ń sọ pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ọmọ ìyá ni wá, ká fọkàn tán ara wa. A gbọ́. Ọmọ ìyá náà la jẹ́ nígbà tí oṣù mẹ́jọ yẹn ń lọ. Ìkejì ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, ì báà jẹ gbèsè, ì báà má jẹ, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé, kí akápò sì gbé e jáde níwájú gbogbo wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe sí ìjọba. Òfin kan wà láti ọdún 2011 tí wọ́n ń pè ní FOI. Ó fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè iye tí ilé iṣẹ́ ìjọba ná àti ohun tó fi ṣe. Wọn ò gbọdọ̀ bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti dáhùn. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní òfin náà kan gbogbo ìpínlẹ̀, Èkó náà wà níbẹ̀. Bí aṣòfin kan bá wá sọ́jà wa lásìkò ìbò, tó ń bú àwọn olè tó wà nílé iṣẹ́ ìjọba, ẹ má bú u, ẹ má sì tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé ìwé ẹ̀rí dà. Ẹ tún bi í pé ìwé iṣẹ́ tí òun náà ṣe lágbègbè wa dà, èló ni wọ́n gbé gọ́tà yẹn jáde?

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwa la wà lọ́jà. Ọwọ́ wa ló wà bóyá òtítọ́ á tà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká jẹ owó ara wa mọ́. Ọjà á máa tà, ọmọ á máa yè, ẹgbẹ́ yìí á dàgbà. Àmín o.