Ilẹ̀dú tí yóò tó ọgbà wa: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á

 

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ilẹ̀dú, èyíinì ni ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá tó máa ń wà lókè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ dá ọgbà ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n yangí ló wà níbẹ̀, tàbí ilẹ̀ pupa tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le gbagidi. Ilẹ̀dú la máa ń rà dà sí i. Awakọ̀ yóò ní, "Ọkọ̀ méjì ni yóò gbà." Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n kò lè sọ pé irọ́ ni, kò sì lè sọ pé òótọ́ ni. Owó ni yóò kàn máa kà sílẹ̀.

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ aránṣọ. Ẹ wá garawa lítà 20 kan. Bí ẹ kò bá dá a lójú, ẹ fi ìgò lítà kan bu omi sí i. Bí ó bá kún ní ìgbà 20, ó pé.

Ohun mẹ́ta la ó wọ̀n: gígùn ebè, fífẹ̀ rẹ̀, àti bí ilẹ̀dú yóò ti ga tó nínú rẹ̀. Fún tẹ̀tẹ̀ àti àwọn ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀, sàǹtímítà 20 tó. Tòmátì àti ìkàn ń fẹ́ 30, nítorí gbòǹgbò wọn ń lọ jìnnà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ìsàlẹ̀, kí omi lè ráyè kọjá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ibi tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, bí a bá da garawa 1 sí i tí a tẹ́ ẹ dọ́gba, yóò ga ní sàǹtímítà 2. Nítorí náà, garawa 10 ni yóò fi ga ní sàǹtímítà 20.

Ká ní ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Kétu fẹ́ ṣe ebè 6. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 1, yóò sì ga ní sàǹtímítà 20. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

5 × 1 = 5
5 × 10 = garawa 50

Ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà máa ń fúyẹ́. Bí òjò bá rọ̀ sí i, yóò wọlẹ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un:

50 + 10 = 60
60 × 6 = garawa 360

Ó wá ku ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ inú rẹ̀ dọ́gba. Gíga ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe gíga pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí inú rẹ̀ bá gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tí ilẹ̀ sì ga ní mítà 1, garawa 300 ló wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé awakọ̀ kò purọ́: ọkọ̀ kan kò tó.

Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta lè jẹ́ ìgbẹ́ ẹran àti ewé tó ti jẹrà dáadáa. Èyí tí kò tíì jẹrà yóò jó ẹ̀fọ́. Nínú 360, ìyẹn jẹ́ 120. Ilẹ̀dú wá ku 240. Ọkọ̀ kan tó, ó tún ṣẹ́kù. Owó ọkọ̀ kejì dúró sápò ẹgbẹ́.

Kì í ṣe owó nìkan. Oko ẹnìkan ni wọ́n ti wa ilẹ̀dú yẹn. Lóko púpọ̀, kò jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ. Ohun tí ewé àti ekòló fi ọdún púpọ̀ ṣe, ọkọ́ lè há a tán lọ́jọ́ kan, àgbàdo kò sì ní ṣe dáadáa níbẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Ẹ má ra ju èyí tí ẹ nílò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ebè tòmátì kan gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 1, yóò ga ní sàǹtímítà 30. Garawa mélòó ni, pẹ̀lú àfikún òjò? Bí ẹ bá rí 72, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ó dìgbà kan ná o.