Dókítà fún Aláìsàn Tó Wà Nílé
Àìsàn kì í dúró sójú kan, kódà nínú ilé. Aláìsàn tó jẹun dáadáa lálẹ́ lè máa sọ kántankàntan láàárọ̀. Kí ló fà á? Ó lè jẹ́ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló já wálẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn gba ojú egbò wọnú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè fọ egbò. Dókítà ló ń yí oògùn padà, tó ń pinnu bóyá ìtọ́jú nílé ṣì tó. Ó léwu gan-an láti fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ dọ̀la. Ọ̀nà ilé ìwòsàn náà sì lè dí: láti Nyanya wọ àárín ìlú Abuja, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni láàárọ̀. Dókítà tó wà nítòsí lè ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nílé kí ọ̀nà tó là. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá wọ́, bí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ló kàn: 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì.