Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Kí A Kọ́ Kọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn olórí ẹ̀ka ìjọ sọ ní àpéjọpọ̀ ọdọọdún, lórí bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fáyólìn



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ nípa bí ẹni tí kò fọwọ́ kan fáyólìn rí yóò ti kọ́ láti fa ọ̀pá rẹ̀ lórí okùn ni, àti bí yóò ti fi í mú ìró kúkúrú àti ìró gígùn jáde. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni àpéjọpọ̀ ńlá ní í ṣe pẹ̀lú irú nǹkan báyìí. Ìdáhùn wa ni pé ẹ̀ka ìjọ wa púpọ̀ ni wọ́n ti dá owó jọ láti ra fáyólìn fún àwọn ọ̀dọ́. Bí ẹ bá wọ yàrá tí àwọn akọrin ti ń múra, ẹ ó rí méjì tàbí mẹ́ta lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú àpótí wọn, tí eruku ti bò wọ́n. Owó ìjọ ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá ju owó lọ ni àwọn ọmọ tí wọ́n gbé e sílẹ̀, tí wọ́n sì ti gbà lọ́kàn ara wọn pé Ọlọ́run kò fún àwọn ní ẹ̀bùn orin.

A mọ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, a kì yóò dárúkọ rẹ̀ tàbí ẹ̀ka rẹ̀, tí wọ́n fún ní fáyólìn ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n sì ní kí ó fi ta orin ìyìn ẹsẹ mẹ́rin ní ọjọ́ ìkórè ní oṣù kọkànlá. Wọ́n fi ibi tí yóò máa tẹ ìka òsì sí hàn án, wọ́n tilẹ̀ lẹ bébà mọ́ ọn fún un. Kò sí ẹni tí ó fi bí a ti ń di ọ̀pá mú hàn án. Nígbà tí ó dé iwájú ìjọ, ohùn tí ó jáde jọ ti ilẹ̀kùn tí ó ń ké. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọn kò sì rò ó sí ibi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti fọwọ́ kan ohun èlò yẹn mọ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ náà rárá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n kọ́ ọ, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì ń sọ̀rọ̀ nínú fáyólìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ fún yín pé ohun tí ó ṣàjèjì pátápátá sí wa ni. Lóòótọ́, ìlú Cremona ní Ítálì ni Andrea Amati ti ń ṣe fáyólìn ní nǹkan bí irínwó ọdún ó lé sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Kánò àti Sókótó mọ gòjé. Àwọn Dagomba ní àríwá Ghana ní tiwọn, gonje ni wọ́n ń pè é. Ní ilẹ̀ Yorùbá, gòjé ni ó ń bá sákárà rìn, ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ Yusuf Olatunji, tí ó di olóògbé ní 1978, kò lè sọ pé òun kò mọ bí okùn ti ń sunkún. Okùn kan ṣoṣo ni ti gòjé, irun ẹṣin sì ni. Mẹ́rin ni ti fáyólìn, G, D, A àti E. Ṣùgbọ́n irun ìrù ẹṣin ni a fi ń ha àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí irun yìí, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí náà wà. Irun tí ó ju 150 lọ ni wọ́n ta mọ́ ọ̀pá fáyólìn, èyí tí àwọn olórin ń pè ní bóò. Bí a bá fi irun náà lásán ha okùn, kò ní dún. Oje igi gbígbẹ kan, rósìnì, ni a ń fi pa á kí ó lè di okùn mú. Nígbà tí a bá ń fa ọ̀pá, irun a gbá okùn mú, a fà á lọ díẹ̀, okùn a já bọ́ padà, irun a tún gbá a mú. Lórí okùn A, ìgbà 440 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Helmholtz, onímọ̀ ará Jámánì, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Ẹ wá rí i: bí ọwọ́ bá tẹ ọ̀pá jù, tí kò sì yára, irun kò ní jẹ́ kí okùn bọ́ lásìkò, ariwo ilẹ̀kùn nìyẹn. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́ jù tí ó sì ń sáré, irun kò ní gbá okùn mú dáadáa, a ó gbọ́ ìfé lásán. Láàárín méjèèjì ni ohùn dídùn wà. Kò sí ìwé tí ó lè fi ibẹ̀ hàn yín. Etí ni yóò máa wá a, apá yóò sì máa tẹ̀lé e, lójoojúmọ́.

Nípa bí a ti ń dì í mú, àwọn àgbà ti bá wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Gbogbo ìwúwo ọ̀pá náà kò ju nǹkan bí gíráàmù 60 lọ. Kí àtàǹpàkò tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ní ìdí ọ̀pá. Kí àwọn ìka yòókù rọ̀ bò ó láti òkè. Kí ọmọńdinrín sì kákò sórí rẹ̀ bí ẹyẹ tí ó bà lé ẹ̀ka. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé dánra wò fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbé ọ̀pá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọ̀pá lé okùn A láìfi ìka òsì tẹ nǹkankan, ní agbedeméjì afárá kékeré tí ó gbé okùn sókè àti igi dúdú tí a ń tẹ okùn mọ́. Àárín ọ̀pá nìkan ni kí ẹ lò, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìgúnpá ni kí ó máa ṣí, kí ó sì máa padà. Èjìká kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ dúró níwájú dígí, nítorí bí apá bá ti ń lọ ni ọ̀pá máa ń fẹ́ yí sí ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tí ó ń rí i lára ara rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìró wàyí. Níhìn-ín ni àwọn ènìyàn wa máa ń kánjú jù. Ọmọ tí ó ti ń lu agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ìsìn láti kékeré yóò rò pé ìró mẹ́rin tí ó dọ́gba jẹ́ ohun ẹ̀gàn. Òótọ́ ni pé etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n, apá ni a sì ń kọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnu máa sọ ọ́ kí apá máa gbọ́. Fún ìró mẹ́rin tí ó dọ́gba, ẹ máa wí pé, “A dúpẹ́ o,” kí ẹ fà, kí ẹ tì, kí ẹ fà, kí ẹ tì. Fún ọ̀kan gígùn àti méjì kúkúrú, “Wá, ká lọ”: ìró gígùn gba ọ̀pá gígùn, ìró kúkúrú gba kúkúrú, bẹ́ẹ̀ ni ojú yóò sì máa rí ohun tí etí ń gbọ́. Fún mẹ́rin tí ó yára àti méjì tí ó falẹ̀, “Olúwa mi, o ṣé.” Ẹ má wá ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lórí okùn kan ṣoṣo; gígùn àti kíkúrú rẹ̀ nìkan ni a ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ ohùn èdè àti ohùn orin, tí olóògbé T. K. Ekundayo Phillips, tí ó darí orin ní Kàtídírà ti Èkó fún ọdún púpọ̀, jíròrò nínú ìwé rẹ̀ ti 1953, yóò dé nígbà tí ọwọ́ òsì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìtò ìró kẹta yìí kì í ṣe tiwa. Lọ́wọ́ Shinichi Suzuki ni a ti rí i, ará Japan tí a bí ní Nagoya ní 1898. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fáyólìn, síbẹ̀ ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó kíyè sí i pé gbogbo ọmọ ilẹ̀ Japan ni ó ń sọ èdè Japan, bí ó ti wù kí ó le tó fún àlejò, ó sì béèrè ìdí tí orin kò fi ní rí bẹ́ẹ̀. Ní 1946, lẹ́yìn ogun, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Matsumoto. Ìyá ọmọ ni ó kọ́kọ́ ń kọ́, kí ọmọ lè máa wò ó nínú ilé. Àpótí lásán àti igi ni ọmọdé a sì máa gbé kọ́ èjìká títí ara rẹ̀ yóò fi mọ bí a ti ń dúró. Ní 1964 ó kó ọmọ 10 lọ sí Amẹ́ríkà, ẹnu sì ya àwọn olùkọ́ orin níbẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi darúgbó. Ní 1998 ni ó kú. Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ ìyá tí ó ń kọ́ ṣáájú ọmọ yìí wù wá púpọ̀.

Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí a tó gbé fáyólìn lé èjìká. Ní ọjọ́ Sátidé, àárín àwọn ọmọdé ni a ń jókòó sí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ni ó sì máa ń wí fún wa pé, “Bàbá Pásítọ̀, èjìká yín ti gòkè o.” Òótọ́ ni ó ń sọ. Ara àgbàlagbà a máa le. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà mọ bí a ti ń ṣe díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú 15 ní àràárọ̀ sàn ju wákàtí méjì ní Sátidé lọ.

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí yín. Ẹ má ṣe mú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jáde ní òun nìkan ní ọjọ́ ìkórè. Èyí kò ní kí ẹ fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Kí olùdarí gbé orin kan tí ó rọrùn sí kíì D. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó pọ̀, kí wọ́n máa fa okùn D láìtẹ ìka kankan, kí wọ́n bọ́ sí okùn A nígbà tí olùdarí bá fi ọwọ́ júwe. Okùn méjèèjì yóò bá orin náà mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìjọ yóò sì gbọ́ wọn lábẹ́ ohùn akọrin bí ìlù tí ó rọra ń dún. Orí 25 nínú ìwé Kronika Kìíní ka àwọn tí a kọ́ ní orin Olúwa sí 288, ó sì fi hàn pé olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jọ ṣẹ́ kèké fún iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀yin ará àríwá, ní àkókò ọyẹ́, èèkàn tí ó wà lórí fáyólìn a máa yọ̀, igi rẹ̀ a sì máa là. Ẹ má ṣe gbé e sí ojú fèrèsé. Ẹ̀yin ará etí òkun, òjò ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ó ń mú kí irun ọ̀pá dẹ̀. Níbi gbogbo, ẹ dẹ skúrù ìdí ọ̀pá lẹ́yìn ìdánrawò, kí igi rẹ̀ má baà tọ́. Bí ẹ bá tún ń lè é, kí àlàfo irun àti igi má ju ìpọn lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìka pa irun náà, nítorí òróró ara kì í jẹ́ kí ó di okùn mú.

Ní báyìí, kí àwọn tí wọ́n gbé fáyólìn wọn wá súnmọ́ iwájú. Àwọn tí kò ní, kí wọ́n mú lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé. Okùn A ni a ó lò, àárín ọ̀pá nìkan, “A dúpẹ́ o.” Ẹ fà.