Ẹṣin Tí Ó Ń Jẹun Ṣùgbọ́n Tí Ó Ń Rù

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹṣin ní Ìlọrin àti ní Ọ̀yọ́, àti ẹ̀yin tí ẹṣin yín ń jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ yín ni mo mú wá lónìí.

Bí ẹṣin bá ń jẹun dáadáa tí egungun ìhà rẹ̀ sì ń yọ, aràn ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí. Kò burú. Ẹ yẹ eyín rẹ̀ wò pẹ̀lú, kí ẹ rí i bóyá ó ń rún koríko kúnná. Ṣùgbọ́n bí eyín bá dára, tí ẹ ti lo oògùn aràn tó tọ́, tí ó ṣì ń rù, ó lè jẹ́ pé ìfun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Ara ìfun á wú, á nípọn. Oúnjẹ á máa gba ibẹ̀ kọjá láìwọ inú ẹ̀jẹ̀. Èròjà tí ń mú ara le tí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ á tún máa jò padà sínú ìfun. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ àwọn mìíràn fi ń wú. Òmíràn á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, òmíràn kò ní yà á rárá.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣìṣe níbẹ̀ rí. Mo ní kí bàbá kan fún ẹṣin rẹ̀ lóògùn aràn, mo tún ní kí wọ́n fún un sí i. Oṣù mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kí dókítà ẹranko tó dé, ẹṣin náà kò lè dìde mọ́.

Dókítà á yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Ó lè ní kí ẹṣin má jẹun mọ́jú, kí ó fi rọ́bà gígùn rọ omi glúkóòsì sí i nínú. Bí ìfun bá le, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 2. Bí kò bá gòkè tó bẹ́ẹ̀, ìfun kò gbà á nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ tí ń mú kí wíwú náà rọlẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni a sì ń lò ó. Ẹ má rà á lọ́jà gún un fúnra yín o. Ó lè ba pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin jẹ́. Òmíràn á gbádùn, òmíràn kò ní gbádùn. N kò ní tàn yín.

Ẹ máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà púpọ̀ lóòjọ́, kí koríko tó dára pọ̀ níbẹ̀ ju ọkà bàbà lọ. Bí ẹ bá sì ń lọ bá dókítà, ẹ mú páálí oògùn aràn tí ẹ ti lò dání, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ lò ó fún un.