Kí A Tó Gbẹ́ Òkúta Wẹ́wẹ́ Nínú Oko Olóko

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa, Kofar Doya, Sókótó)

 

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni a kà kí a tó tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n wa wá sí òkè Ọya. Ọjà ni a ń tà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ ohun tí ojú wa rí nínú ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní tsakuwa, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń rò ó láti fi owó sí i.

A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ilé kíkọ́ ń pọ̀ sí i ní Sókótó. Sìmẹ́ńtì kò jìnnà sí wa, nítorí pé láti ọdún 1967 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kalambaina. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì nìkan kò lè di kọnkéré. Ó ń fẹ́ yanrìn, ó sì ń fẹ́ òkúta. Ìdí nìyí tí àwa mẹ́jọ tí a jọ ń dá àjọ fi sọ pé kí a wá oko kan, kí a háyà lébìrà, kí a máa gbẹ́ òkúta tà fún àwọn onítípà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a lọ wo oko kan lẹ́yìn ìlú. Baba àgbàlagbà kan ni ó ni ín. Gero àti ẹ̀wà ni ó ń gbìn sí i. A rí òkúta lórí ilẹ̀, inú wa dùn. A dá owó lé e. Baba kò kọ̀, nítorí pé owó ń wá a. Ó kàn bi wá léèrè ní èdè Hausa pé, bí ẹ bá kó òkúta tán, kí ni kí n gbìn sínú ihò?

Àwa mẹ́jọ wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀ nínú wa. A ní a ń padà bọ̀.

Ọ̀rọ̀ baba náà mú wa rántí ilé. Nígbà tí a wà ní kékeré, kí ó tó di ọdún 1980, àwọn àgbà agbo ilé wa ta òkúta pupa inú oko ẹbí fún àwọn tí ń ṣe ọ̀nà. Wọ́n pín owó náà, wọ́n fi rán aṣọ. Lọ́dọọdún ni òjò ń kún inú kòtò náà. Ọmọ agbo ilé wa kan kú sínú rẹ̀. Àwọn tí ó pín owó ti lọ bá àwọn baba wọn. Kòtò wà níbẹ̀ títí di òní, ẹgẹ́ kò sì hù nínú rẹ̀.

Bí a bá ṣe irú èyí ní ilé ara wa, ẹbí yóò bá wa jà, yóò sì parí. Bí a bá ṣe é ní ìlú onílùú ńkọ́? Ẹ rántí Bakolori. Ìdídò ni ti ibẹ̀, kì í ṣe òkúta, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko náà ni ó fa ìjà. Àwọn àgbẹ̀ ní wọ́n gba ilẹ̀ àwọn láìsan ohun tí ó tọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Sókótó ni ibẹ̀ wà nígbà náà. Zamfara ni lónìí. Ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ àgbẹ̀ ṣeré, ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń ṣeré.

Nítorí náà, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí a ti kọ́ nìyí:

Èkíní, kí a mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ kí a tó san owó. Òkúta tí ojú rí lórí ilẹ̀ lè má jìn ju ìka ọwọ́ lọ. Kí a gbẹ́ ihò ìdánwò sí ibi púpọ̀ nínú oko, kí a wọn ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ti parí. Ká ní ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tí ilẹ̀ náà sì jẹ́ 100 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn àti 50 ní ìbú. Bí a bá fi àpótí tí gígùn, ìbú àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ yáàdì kọ̀ọ̀kan wọ̀n ọ́n, yóò tó àpótí 555. Bí típà bá ń gbé márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 111 ni yóò lọ, òkúta tán. Ṣùgbọ́n gero ń hù nínú oko náà lọ́dọọdún láti ayé baba baba olóko.

Èkejì ni ìwé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 sì fi ohun inú ilẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, títí kan òkúta àti yanrìn. Nítorí náà, bí olóko bá tẹ̀ka fún wa, ọwọ́ wa kò tí ì ba òkúta. Ní Àbújá, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Mining Cadastre Office, ni a ti ń gba ìwé àṣẹ. Òfin kan náà ní kí a bá àwọn ará àdúgbò ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Dìlálì tí ó bá ní òun lè parí gbogbo èyí láàárín ọjà, irọ́ ni ó ń pa fún yín.

Ẹ̀kẹta, kí a má ta erùpẹ̀ òkè. Erùpẹ̀ yẹn ni oúnjẹ irúgbìn. Kí a há a sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a má jẹ́ kí típà gbé e, nítorí pé òun ni a óò dà padà. Òjò Sókótó kò pẹ́. Ilẹ̀ tí kò bá ní erùpẹ̀ yìí kò lè mú omi dúró fún gero.

Ẹ̀kẹrin, kí a gbẹ́ ẹ ní apá kan lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá parí apá kan, kí a fi erùpẹ̀ bò ó kí a tó ṣí òmíràn. Kí etí kòtò má ṣe dúró ṣánṣán bí ògiri, kí ó má baà wó lu lébìrà. Kí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹni tí ó bá ṣubú sí i lè gòkè. Kí a jìnnà sí ààlà aládùúgbò, kí a sì ṣọgbà yí i ká kí òjò tó dé.

Ẹ̀karùn-ún ni owó. Láti orí típà àkọ́kọ́ ni kí a ti máa yọ owó àtúnṣe ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí báńkì, kí ẹnì kan ṣoṣo má lè gbà á jáde. Bí ìṣirò bá fi hàn pé èrè kò ní kù mọ́ lẹ́yìn tí a bá yọ owó yìí, a jẹ́ pé kò sí èrè níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oko baba ni a fẹ́ jẹ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò tí ì san kọ́bọ̀ fún baba yẹn. A ti ṣe ìṣirò tiwa, èrè rẹ̀ kéré sí ohun tí a kọ́kọ́ lálàá rẹ̀. Méjì nínú àwa mẹ́jọ ti yọwọ́. Àwa mẹ́fà tí ó kù yóò padà lọ bá a lẹ́yìn ìkórè, a óò sì mú mai unguwa dání. A óò sọ fún un pé gero ni yóò gbìn síbẹ̀, a óò sì fi bí yóò ṣe rí bẹ́ẹ̀ hàn án nínú ìwé àdéhùn. Bí ó bá gbà, a óò bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣẹ. Bí ó bá kọ̀, a óò kí i, a óò sì máa bá ọjà wa lọ.

Kofar Doya, ẹnubodè iṣu ni ìtumọ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ni àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ fi pè é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kòtò rántí àwa Yorùbá níbẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ fi tọkàntọkàn dáwó fún ẹgbẹ́ wa lónìí. Olúwa yóò mú kúlúkúlú wa padà délé láyọ̀.