Ta Ni Yóò Kó Àkísà Náà?



Láyé àwọn ìyá wa àgbà, aṣọ kì í di ìdọ̀tí. Kíjìpá tí ó bá gbó a di ọ̀já, ọ̀já a di àkísà ìnulẹ̀, àkísà a sì jẹrà sínú ilẹ̀, nítorí pé òwú ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú aṣọ òde òní ni a fi epo rọ̀bì ṣe bí ọ̀rá. Kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Òjò tí ń ṣàn láti òkè Màpó ń wọ́ ọ lọ sínú gọ́tà, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnkà. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí Omíyalé ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí Ògùnpa kún tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ, kò ní fi ọ̀rọ̀ gọ́tà tí ó dí ṣeré.

Bọ́síkọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀ràn yìí (àwa náà ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ má rẹ́rìn-ín). Òfin ilẹ̀ wa kò gbà á láyè kí ó wọlé, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ó ń wọlé? A kò bá àwọn ìyá tí ń tà á jà. Òun ni ó rán ọmọ púpọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìdì tí a dì pa ni wọ́n ń rà láìrí inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, tí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti ya tàbí tí àbàwọ́n ti bò ó, àwọn ni wọ́n jẹ gbèsè, àwọn náà ni yóò tún wá ibi tí wọn yóò dà á sí.

Nígbà kan, ẹni tí ó bá ra ẹlẹ́rìndòdò láìmú ìgò òfìfo wá yóò fi owó ìgò sílẹ̀, nítorí náà ìgò kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìjọba Faransé fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣe òfin aṣọ ní 2007: ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń ta aṣọ tuntun níbẹ̀ ní láti dá owó tí a ó fi kó aṣọ tí aráàlú lò tán jọ, tí a ó sì fi ṣà á. Holland tẹ̀lé e ní 2023. Ní 2025, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin tí yóò mú gbogbo orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dára. Ṣùgbọ́n aṣọ ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Owó ń dúró lọ́hùn-ún. Ní 2023, àwọn oníṣòwò ọjà Kantamanto ní Accra, ọjà tí iná jó ní oṣù kìn-ín-ní 2025, rìn dé Brussels láti béèrè pé kí owó náà máa bá aṣọ rìn. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n béèrè. Nílé wa pàápàá, a ti ń fi irú ìlànà yìí ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ oníná tí ó ti bàjẹ́, lábẹ́ NESREA. A fẹ́ kí ó dé orí aṣọ.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ pé aṣọ yóò wọ́n sí i. Bóyá díẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ń san owó náà tẹ́lẹ̀, nígbà tí omi bá wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Paris àti Amsterdam, kí ẹ tó sọ aṣọ sínú àpótí, ẹ béèrè ibi tí ó ń lọ, kí ẹ sì kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín nípa owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tú ìdì nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye tí kò ṣeé tà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Iye náà ni a fẹ́ mú lọ bá ìjọba.