Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni: Ọ̀rọ̀ lórí Ọyẹ́ àti Àwọn Ẹ̀rọ tí Ń Ṣọ́ Ọ láti Òkè

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tí kò mọ ọyẹ́. Bí ó bá dé, àwọn ìyá wa a gbé igbá òrí jáde, wọn a fi pa ọmọ lára kí ètè rẹ̀ má baà là. Oòrùn a funfun bí òṣùpá, òkè tí a rí lánàá a sì pòórá lójú wa. Àwọn baba wa mọ̀ pé láti ìhà àríwá ni ó ti ń wá, wọ́n sì mọ̀ pé òtútù nìkan kọ́ ni ó ń gbé rìn. Ohun tí wọn kò ní ọ̀nà àti mọ̀ ni ibi tí eruku rẹ̀ ti ń gbéra, bí ó ti pọ̀ tó, àti ibi tí ó ń lọ nígbà tí ó bá kọjá lọ́dọ̀ wa. Nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ti di mímọ̀ ní ayé òde òní, ṣùgbọ́n ojú tí a fi mọ̀ wọ́n kì í ṣe tiwa. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín.

Ní àríwá ilẹ̀ Ṣáàdì ni ilẹ̀ kòtò kan wà tí à ń pè ní Bodélé. Ìsàlẹ̀ adágún ni láéláé. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún sẹ́yìn, adágún náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí Adágún Ṣáàdì ti òde òní kò fi ju ìkòkò omi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omi náà gbẹ, èyí tí ó kù ni karawun àwọn ohun kéékèèké tí ń gbé inú omi, tí ojú lásán kò lè rí. Ó funfun, ó sì fúyẹ́ bí ẹfun tí a lọ̀. Òkè méjì, Tibesti àti Ennedi, dúró ní apá òkè ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn bí omi ti ń gba ojú ọ̀nà tóóró, ó ń le sí i, ó sì ń gbá eruku náà sókè. Ọ̀kan nínú orísun eruku tí ó tóbi jù lọ láyé nìyẹn, láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọyẹ́ wa sì ti ń bọ̀.

Báwo ni a ṣe mọ èyí? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, àwọn ará Amẹ́ríkà rán ẹ̀rọ sátẹ́láìtì kan tí a ń pè ní Terra sí òkè, ní nǹkan bí 700 kìlómítà sí ilẹ̀. Ní 2002 wọ́n rán Aqua tẹ̀ lé e. Oòrùn ń tàn sí ilé ayé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ta padà sókè, ẹ̀rọ náà sì ń wo ohun tí ó ta padà. Lórí òkun àti lórí igbó tí ó dúdú, eruku hàn kedere bí ẹfun lára aṣọ aró. Ṣùgbọ́n lórí aginjù, ó dàbí ẹfun lára aṣọ àlà: kò hàn. Àwọn onímọ̀ wá ṣàkíyèsí pé bí a bá fi àwọ̀ búlúù inú ìmọ́lẹ̀ nìkan wo ilẹ̀ aginjù, ilẹ̀ náà a ṣókùnkùn, eruku tí ó wà lókè rẹ̀ a sì yọ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rí Bodélé bí ó ti ń rú èéfín bí ààrò.

Láti 2006 títí di 2023, Amẹ́ríkà àti Faransé tún ní ẹ̀rọ mìíràn, CALIPSO, tí ń ju ìmọ́lẹ̀ léésà sísàlẹ̀, tí ó sì ń ka ìgbà tí yóò padà, bí ẹni tí ó ju òkúta sínú kànga tí ó ń dúró gbọ́ ìró rẹ̀. Nípa èyí ni a fi mọ bí eruku ti ga sí ilẹ̀ tó. Láti inú ohun tí ó rí láàrin 2007 sí 2013, àwọn onímọ̀ ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 182 tọ́ọ̀nù eruku Sàhárà ń fi Áfíríkà sílẹ̀ gba ojú òkun lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí mílíọ̀nù 28 nínú rẹ̀ ń bọ́ sí igbó Amasóònù, ní Brazil àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká. Ó ń gbé ohun tí ń mú ilẹ̀ lọ́ràá lọ síbẹ̀, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí òjò ń wọ́ lọ. Ẹ ò rí i! Eruku tí ń mú wa húkọ́ níhìn-ín, ajílẹ̀ ni fún igbó àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn onímọ̀ kò fi mọ sí wíwò nìkan. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà pín òfúrufú sí ìpín-ìpín, bí àgbẹ̀ ti ń pín oko sí ebè. Fún ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ti le tó, bí ilẹ̀ ti gbẹ tó, iye eruku tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Bí ìṣirò bá ṣìnà, ohun tí sátẹ́láìtì rí ni wọ́n fi ń tọ́ ọ sọ́nà. Nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n lè sọ lónìí ibi tí eruku yóò dé lọ́túnla. Ní Barcelona, ní ilẹ̀ Sípéènì, ni ibùdó kan wà tí ń ṣe irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àríwá Áfíríkà títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Burkina Faso ti bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe ìkìlọ̀ aláwọ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti Nàìjíríà náà ń kéde ọyẹ́ fún àwọn tí ń wa ọkọ̀ òfúrufú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ojú òkè kù sí. Kò lè wo inú ìkúùkù já. Àpapọ̀ eruku láti òkè dé ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ń rí. Wọn kò lè sọ fún ni èyí tí ọmọ ń fà sí imú. Nítorí náà, ojú kan gbọ́dọ̀ wà ní ilẹ̀ tí yóò máa jẹ́rìí. Ní Yunifásítì Ìlọrin, láti 1998 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń kọjú sí oòrùn tí ó ń ka iye ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ilẹ̀. Bí òǹkà rẹ̀ bá jẹ́ 1 nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ìdá 37 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ni ó rí ọ̀nà gbà tààrà. Nígbà ọyẹ́, òǹkà náà máa ń kọjá 1 ní Ìlọrin. Òǹkà yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn onísátẹ́láìtì fi ń dán ìṣirò tiwọn wò. Ní oṣù Kẹfà àti Keje ọdún 2016 pẹ̀lú, nígbà tí ìkúùkù bo ojú ọ̀run, àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, àti ní Kumasi. Ọkọ̀ òfúrufú mẹ́ta sì ń gbéra láti Lomé. Wọ́n rí i pé kì í ṣe èéfín tiwa nìkan ni à ń mí: èéfín igbó tí a ń sun ní àárín gbùngbùn Áfíríkà ń gba ojú òkun wá bá wa.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀ràn ẹ̀mí ni èyí. Àwọn ègé tí ó léwu jù kéré tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí ọgbọ̀n wọn kò fi ju ìpọn ẹyọ irun orí kan lọ. Wọ́n ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìwọ̀n wọn kò yẹ kí ó ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú kúbìkì mítà afẹ́fẹ́ kan láàrin ọjọ́ kan. Ẹni tí kò ní òǹkà ìlú tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí òun ti ré òpin yìí kọjá?

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. N kò wí pé kí a kọ ojú àwọn tí ń bá wa wò. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹ̀rọ ọlọ́jà lè bàjẹ́, owó rẹ̀ lè tán, bí CALIPSO ti dákẹ́ ní 2023. Ọyẹ́ kò sì ní torí bẹ́ẹ̀ yẹ ìbẹ̀wò rẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo fi siwájú yín. Èkíní, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan òkè tàbí ilé gogoro mẹ́ta tí ó mọ bí wọ́n ti jìnnà tó, kí ọmọ kan sì máa kọ ọ́ sínú ìwé láràárọ̀ ọyẹ́ èyí tí ó rí àti èyí tí kò rí. Ará Ìbàdàn ní Mápó, ará Abẹ́òkúta ní Olúmọ. Ìwé àti kálàmù nìkan ni yóò ná wa. Èkejì, kí ẹ̀yin Orí Adé àti Olóyè bá àwọn yunifásítì wa sọ ọ́, kí ẹ̀rọ tí ń ka eruku àti èéfín wà ní ìlú ńlá wa gbogbo, kí ó má ṣe mọ sí ìlú kan tàbí méjì. Ẹ̀kẹta, kí a máa kéde ìkìlọ̀ ọyẹ́ ní èdè Yorùbá lórí rédíò, kí ìyá ọlọ́mọ àti àwọn tí mímí ń nira fún lè gbọ́ kí eruku tó dé.

A kò lè dí ẹnu Bodélé. Ṣùgbọ́n a lè mọ ọjọ́ tí yóò fẹ́, a sì lè dín èéfín tí a ń fi ọwọ́ ara wa rú kù. Kí ojú tiwa náà là.